Ìbẹ́pẹ Méjì Ẹ̀yìnkùlé Ewéjẹ́

"Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo." Ta ni kò tíì gbọ́ ọ rí? Ọmọdé ń sọ ọ́, àgbà ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló kọ́kọ́ wo ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tó fi mọ̀ pé ó lákọ, ó lábo? Ẹ ti ń wò mí. Ó dáa. Bí ará ìlú mìíràn bá ní àwọn ló ni òwe náà, n kò bá wọn jà. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ ní Òkè-Àyìnrè ni èmi fẹ́ sọ ọ́.

Láyé àtijọ́, ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àyìnrè tó ń jẹ́ Ewéjẹ́. Eegun ló ń tò. Bó bá ti to eegun tán, tó fi ọparun pẹlẹbẹ ká a, tó fi ọ̀já dì í, iṣẹ́ tirẹ̀ parí. Ó ku ti Ìbíwùmí, ọmọ rẹ̀ obìnrin. Òun ló ń bọ́ àwọn aláìsàn, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fi omi gbígbóná jó wọn lára. Òfin méjì ni bàbá rẹ̀ fún un: kò gbọdọ̀ tú ọ̀já kankan kí ọjọ́ méje tó pé, kò sì gbọdọ̀ kọjá lára aláìsàn láìkí i ní pẹ̀lẹ́.

Ìbíwùmí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Bó bá ń gbé ẹ̀kọ kọjá, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, á san." Bó bá ń gbé omi bọ̀, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ó ti ń lọ nìyẹn." Kí aláìsàn tó yanu, ó ti dé ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo ìlú ló ń yìn ín pé ọmọ náà mọ èèyàn kí.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé Akínlàjà dé. Ẹlẹ́mu ni, àgbà ọkùnrin. Igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ ló já mọ́ ọn nídìí, ó já bọ́, eegun ojúgun rẹ̀ sì dá. Ewéjẹ́ tò ó, ó dì í, wọ́n tẹ́ ẹní fún un ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tó ti ń wo igi ìbẹ́pẹ méjì tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ kìíní, ó ké. Ọjọ́ kejì, ó kérora. Ọjọ́ kẹta, ó dákẹ́, kò sì jẹun.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ẹlẹ́mu," ni Ìbíwùmí wí. "Ẹ fi nǹkan kan ẹnu."

"Ìbíwùmí, ẹsẹ̀ yìí..."

"Mo mọ̀, ẹ pẹ̀lẹ́. Á san." Ó ti lọ.

Kí ni kí ọkùnrin náà ṣe? Ẹni tí a bá kí ní pẹ̀lẹ́ nílẹ̀ wa, "ẹ ṣeun" ló gbọ́dọ̀ fi dáhùn, bó bá sì ti ní ẹ ṣeun, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ewéjẹ́ pàápàá á yọjú láàárọ̀, á ní, "Pẹ̀lẹ́ o, Akínlàjà." Akínlàjà á ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá." Ó tán. Akínlàjà á wá dojú kọ ìbẹ́pẹ rẹ̀, á máa ronú pé ẹlẹ́mu tí kò lẹ́sẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ ṣe láyé?

Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí oòrùn ti yọ dáadáa, Ìbíwùmí ń gbé ìkòkò omi gbígbóná bọ̀, ni akísà tó fi dì í mú bá yẹ̀. Omi dà sí i lọ́wọ́. "Yéè!" Àwọn obìnrin tó ń gúnyán lójúde ní, "Pẹ̀lẹ́ o!" Ọmọ odó kò dúró lọ́wọ́ wọn.

"Kò tó nǹkan," ni Ìbíwùmí wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sọ́wọ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," ni Akínlàjà wí láti orí ẹní. "Wá jókòó."

"Bàbá Ẹlẹ́mu, iṣẹ́ pọ̀ nílẹ̀."

"Iṣẹ́ ò ní sá lọ. Jókòó, kí n rí ọwọ́ náà. Báwo ló ṣe ń ṣe ọ́?"

Kò sọ pé á san. Ó di ọwọ́ náà mú, ó ń wò ó, ó sì dákẹ́. Ìbíwùmí tún fẹ́ sọ pé kò tó nǹkan, àfi bí omijé ṣe bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń ta mí bí iná," ló wí. "Ó sì ti rẹ̀ mí, Bàbá. Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, èmi nìkan ni mò ń ṣe é. Ẹnikẹ́ni ò bi mí rí."

"O ń gbìyànjú, ọmọ mi. O ń gbìyànjú gan-an ni."

Ara tu Ìbíwùmí. Ó nu ojú, ó fẹ́ dìde, "ẹ pẹ̀lẹ́, á san" sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó tún jókòó.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ẹlẹ́mu. Ẹsẹ̀ yín ńkọ́? Báwo ló ṣe ń ṣe yín gan-an?" Lọ́tẹ̀ yìí, òun náà dákẹ́, ó ń retí èsì.

Akínlàjà wo ìbẹ́pẹ títí. Ìbíwùmí kò kúrò.

"Kò dùn mí mọ́," ló wí nígbẹ̀yìn. "Láti àná, n kò mọ̀ pé mo ní ọmọ ìka ẹsẹ̀. Àfi bíi pé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ni. Mo ní bóyá bó ṣe ń san nìyẹn. Ẹ̀rù sì ń bà mí láti bèèrè."

Ìbíwùmí sún mọ́ ibi ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ká aṣọ kúrò lórí ẹsẹ̀ náà. Àwọn ọmọ ìka ti wú, wọ́n ti dúdú, wọ́n sì tutù bí òkúta odò. "Bàbá o! Bàbá o!"

Ewéjẹ́ sáré dé. "Kí ló dé? Ọjọ́ méje ò tíì pé!"

"Bàbá, ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó fọwọ́ kàn án. Kò bá a jiyàn mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú ọ̀já. Ẹsẹ̀ ti wú lábẹ́ rẹ̀, ọ̀já sì ti wọ inú ẹran. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń wo ọmọ ìka. Ó pẹ́ díẹ̀, ni Akínlàjà bá pariwo.

"Yéè! Ó ń dùn mí! Ìbíwùmí, ó ń dùn mí o!"

Ẹ̀rín pa wọ́n. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: ọkùnrin ń jẹ̀rora, ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ń dà lójú rẹ̀. Àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ mì lẹ́ẹ̀kan, ó tún mì. Ewéjẹ́ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ gbì. "Bó bá di ọ̀la ni, ẹsẹ̀ yìí ti lọ," ló wí. "Ṣùgbọ́n Akínlàjà, àràárọ̀ ni mò ń kí ọ ní pẹ̀lẹ́. Kí ló dé tí o ò sọ?"

Akínlàjà nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. "Bàbá, ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń wo ìbẹ́pẹ yín. Àwọn méjèèjì ló ń tanná. Akọ ń tanná títí, kò so rí. Abo ló ń so. Pẹ̀lẹ́ tí ẹ ń kí mi láti ọjọ́ yìí tanná, mo sì ní ẹ ṣeun. Èyí tí ọmọ yín jókòó kí mi lónìí ló so. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo."

Ewéjẹ́ mi orí. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ó ti gbé àpótí ìjókòó kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ ẹní aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ó sì sọ ọ́ di òfin kẹta pé orí ìjókòó ni a ó ti máa kí èèyàn ní pẹ̀lẹ́ nínú ilé òun. Nígbà tí ẹsẹ̀ Akínlàjà san, ó tún gun ọ̀pẹ. Agbè ẹmu tó kọ́kọ́ dá, ilé Ìbíwùmí ló gbé e lọ.

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá fi ahọ́n lásán kí ẹni tí ìyà ń jẹ, tó ń kánjú lọ, àwọn àgbà á ní pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo. Nọ́ọ̀sì tó bá dúró lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, á san," òun náà kí ni. Ṣùgbọ́n èyí tó fa àga, tó jókòó, tó bèèrè bó ṣe ń ṣe ni, tó sì dákẹ́ gbọ́ ìdáhùn, òun ni aláìsàn máa sọ ibi tó ń dùn ún fún.