Àwọ̀ Aró Lójú Ìyá Olóògbé

Fadérera wo àwòrán ìyá rẹ̀ tó ti dolóògbé, ó sì mirí.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ojú màmá mi dà bí èédú. Bí ẹ ò bá lè tún un yà, màá gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíì."

Ọ̀rọ̀ náà dun Bàbá Lámìdì, torí ó ti pẹ́ tó ti ń ya ojú èèyàn nílùú náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó tún àwòrán náà wò, ó rí i pé òótọ́ ni. Ó sọdá sọ́dọ̀ Mosúnmọ́lá, ọ̀dọ́bìnrin ayàwòrán tó wà ní òdìkejì títì, tí ojú tó bá yà máa ń dà bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ìyá mi, mo wá kọ́ṣẹ́."

Mosúnmọ́lá kúnlẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin kẹ̀, bàbá? Dúdú lẹ fi ń kun dúdú. Ẹ fi àwọ̀ aró síbi tí ojú ti ṣókùnkùn, kí ẹ fi àwọ̀ osùn ra ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Bàbá ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Fadérera padà dé, tó ṣí aṣọ lójú àwòrán, kò mọ ìgbà tó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ló sọ fún àwòrán. Ló bá bú sẹ́kún, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá.

Bàbá fà á lọ́wọ́ dìde, ó mú un sọdá títì.

"Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè," ló wí. "Ọlọ́gbọ́n náà nìyí. Èmi ti dúpẹ́ tèmi. Ó ku tìrẹ."