Òòfà Àwẹ̀ró

"Ìyá mi, ṣé ọ̀nà náà máa ń rìn?"

Àmọ̀kẹ́, ọmọ ọdún márùn-ún, ló béèrè bẹ́ẹ̀ nídìí oúnjẹ. Ògúnjìmí, àbúrò bàbá rẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ráhùn pé òun ti gbẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà títí ọwọ́ òun fi lé ròrò, òun kò rí owú kankan, bẹ́ẹ̀ owú kò lẹ́sẹ̀ tí yóò fi rìn. Ọ̀rọ̀ yìí ni ọmọ náà gbọ́ tó fi béèrè tirẹ̀. Ògúnjìmí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó máa ń rìn," ló wí. "Tó bá rẹ̀ ẹ́ tán, á lọ jókòó sábẹ́ igi."

Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ, bàbá ọmọ náà, bu òkèlè mìíràn. Àwẹ̀ró ìyá rẹ̀ bu ọbẹ̀ sí i fún ọmọ náà. Ó ní kí ó jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọ abọ́ tán, ìbéèrè náà ṣì ń yí i lọ́kàn bí ọkà tí a kò rò jinná.

Òòlù ńlá tí alágbẹ̀dẹ fi ń lu irin gbígbóná ni owú. Èyí tó jẹ́ ti ilé wọn ti ń bá ìdílé bọ̀ láti ìran mẹ́ta. Nígbà tí ogun lé ìdílé náà àti àwọn ará Ìlàpò yòókù kúrò nílùú, bàbá Ògúnṣakin gbé e sá títí apá fi kọ̀ fún un, ó bá rì í mọ́lẹ̀. Kí ó tó kú, ó ní, "Bí ẹ bá ti sọdá odò, ẹ ka ogójì ẹsẹ̀. Ẹ̀bá ọ̀nà, lọ́wọ́ ọ̀tún, ni mo rì í sí."

Ìlàpò ti di ahoro látìgbà náà. Owú tí Ògúnṣakin yá lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ mìíràn ló fi ń ṣiṣẹ́, ọmọ onítọ̀hún sì ti fẹ́ gba òmìnira iṣẹ́, yóò nílò owú náà. Bí wọ́n bá ti jẹ iṣu tuntun tán, wọn yóò wá gba nǹkan wọn. A kì í sì fi ẹnu rọ owú. Owú ni í bí owú: láìsí ọ̀kan, a kò lè rọ òmíràn. Ògúnṣakin ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bí òun kò bá rí ti bàbá òun, òun yóò lọ sí ìlú kan tó jìnnà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́fà, òun yóò máa fín ẹwìrì fún ẹlòmíràn níbẹ̀. Kò sọ ìgbà tí yóò padà. Láti ọjọ́ náà ni Àwẹ̀ró ti ń jí lójú oorun láti wò ó bóyá ọkọ òun ṣì wà lórí ẹní.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó béèrè lọ́wọ́ Ògúnjìmí. Kì í pe orúkọ rẹ̀, nítorí ọkọ ni àbúrò ọkọ náà jẹ́ fún ìyàwó ilé; Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló sọ ọ́.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ mi, ta ló ni ilẹ̀ tí ẹ ń gbẹ́ yẹn?"

"Ahoro ni. Ta ni í ni ahoro?"

"Ẹni tó ń gbin àgbàdo síbẹ̀ ńkọ́?"

Ògúnjìmí fojú wo ibòmíràn. "Ìyàwó wa, bí ẹ bá lọ bi í, á ní òun ló ni owú."

"Ó lè wí bẹ́ẹ̀," ni Àwẹ̀ró dáhùn. "Ṣùgbọ́n ẹni tí a kò bi kò ní sọ nǹkan kan fún wa."

Ó mú òòfà lọ́wọ́, òkúta dúdú tó máa ń fa irin mọ́ra. Òun ló máa ń fi í ṣa ìpẹ́pẹ́ irin tó bá já sílẹ̀ nínú àgbẹ̀dẹ. Ó fa Àmọ̀kẹ́ lọ́wọ́, ó di obì mẹ́rin sétí aṣọ, ó gba ọ̀nà oko Bàbá Ọdẹ́túndé, ẹni tó ń gbin àgbàdo náà, lọ. Jálẹ̀ ọ̀nà ni ẹ̀rù ń bà á. Bí bàbá náà bá lé òun ńkọ́?

Bàbá Ọdẹ́túndé wà lẹ́nu ahéré rẹ̀, ó ń pọ́n àdá. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó gbé obì kalẹ̀, ó sì sọ ohun tó bá wá. Ó ní bí àwọn bá rí i, bàbá ni yóò kọ́kọ́ fojú kàn án. Ó ní bí bàbá bá sì ní kí àwọn má wá a, àwọn yóò padà sílé.

Bàbá náà ń pọ́n àdá rẹ̀ lọ. Ó ní, "Ihò mọ́kànlá ló wà nínú oko mi. Mo rò pé òkété ni. Mo dẹ pàkúté títí, n kò mú nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ni mo wá rí ojú ọkọ́ nínú ihò kan. Mo ní, òkété wo ló ń fi ọkọ́ gbẹ́lẹ̀?"

Àwẹ̀ró mọ ẹni tó gbẹ́ ihò náà. Ó lè dákẹ́. Kò sẹ́ni tó dárúkọ ilé wọn. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀.

"Bàbá," ló wí, "òkété náà wà nílé wa."

Bàbá Ọdẹ́túndé gbé àdá kalẹ̀. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í mì í láti inú, ó sì rín in títí ó fi wúkọ́. "Kí ó wá dí ihò rẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti ń túlẹ̀ mi, ìwọ lẹni àkọ́kọ́ tó kí mi. Dìde, ọmọ mi. Ọ̀nà wo ni ẹ ń ka ẹsẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀?"

"Èyí tí a bá wá yìí ni, Bàbá."

"Èyí? Ọ̀nà yìí kò dàgbà tó ọkọ rẹ."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Lọ́dún kejì tí ogun parí, igi àràbà ńlá kan wó dí ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó lágbára láti gé e, àwọn èèyàn bá ń gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Igi náà jẹrà tán, ẹsẹ̀ kò padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àmọ̀kẹ́ ní, "Ó rìn nìyẹn."

Bàbá náà bojú wo ọmọ náà dáadáa. "Ó rìn, ìyá mi. Òótọ́ lo wí."

Ó mú wọn dé etí oko, ó nàka sí àárín àgbàdo. Gbogbo àgbàdo ibẹ̀ ga ju orí èèyàn lọ, àfi ìlà kan tó gùn lọ tààrà sí odò, níbi tí wọ́n ti kúrú, tí ewé wọn pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ó ní, "Ilẹ̀ tí àwọn baba wa tẹ̀ le kì í gbàgbé. Ọ̀nà àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kò lè wọ̀ ọ́ báyìí. Ẹ jẹ́ kí n ṣẹ́ àgbàdo mi, kí òjò àrọ̀kúrò rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kí ilẹ̀ rọ̀, kí n tó tún kọbè. Àárín ìgbà náà ni kí ẹ wá."

Wọ́n jẹ iṣu tuntun. Alágbẹ̀dẹ kejì wá gba owú rẹ̀, àgbẹ̀dẹ dákẹ́. Ògúnjìmí lọ dí ihò mọ́kọ̀ọ̀kànlá láìgbójú sókè, àmọ́ nígbà tó dé, ó ní, "A ti mọ ibẹ̀ báyìí. Àgbàdo kò lójú. Kí là ń dúró dè?"

"Ọ̀rọ̀ tí mo bá Bàbá sọ là ń dúró dè," ni Àwẹ̀ró dá a lóhùn.

Ògúnṣakin ti di ẹrù rẹ̀. Ẹrù náà wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá, Àwẹ̀ró a máa ré e kọjá lójoojúmọ́ bí ẹni tó ń kọjá lára ejò. Òjò kìíní rọ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ kọjá, ojú ọ̀run kò ṣú. Ó bẹ ọkọ rẹ̀ pé kí ó fún òun ní ọjọ́ mẹ́ta sí i. Ògúnṣakin ní òjò kì í gbọ́ ti ẹni tí ebi ń pa. Síbẹ̀, ó dúró. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀bẹ̀ náà ni òjò dé, ó rọ̀ láti ìyálẹ̀ta títí di ọ̀sán.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, gbogbo wọn wà lóko, Bàbá Ọdẹ́túndé, tó ti ṣẹ́ àgbàdo rẹ̀ tán, sì ń tẹ̀ lé wọn pẹ̀lú ọ̀pá. Láti etí odò ni Ògúnṣakin ti ka ogójì ẹsẹ̀ lórí ọ̀nà tí kò sí mọ́. Àwẹ̀ró so òòfà mọ́ okùn, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbé e wò. Iyẹ̀pẹ̀ ni. Ó tún wọ́ ọ. Iyẹ̀pẹ̀ ni. Ní ìgbà keje, ìpẹ́pẹ́ dúdú ti rọ̀ mọ́ ọn bí irùngbọ̀n. Ó kàn nà án sí ọkọ rẹ̀.

Ògúnṣakin ti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ bọlẹ̀, ó dún kò. Wọ́n rọra gbẹ́ ẹ. Owú náà ti dípẹtà, ó pupa bí epo, ṣùgbọ́n nígbà tí Ògúnjìmí fi òkúta kàn án, ohùn rẹ̀ ṣì já gaara.

Àwẹ̀ró kò jẹ́ kí wọ́n gbé e lọ sílé. Ẹsẹ̀ Bàbá Ọdẹ́túndé ló ní kí wọ́n gbé e sí.

"Kí lẹ ó gbà, Bàbá?"

Àgbàlagbà náà fi àtẹ́lẹwọ́ pa owú náà lára. "Ọkọ́ kan," ló wí. "Èyí tí ẹ bá kọ́kọ́ rọ. Kí òkété yín sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn."

Wọ́n dí ihò náà, wọ́n tẹ̀ ẹ́ pa kí wọ́n tó kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ló tú ẹrù ẹnu ọ̀nà, ó kó aṣọ ọkọ rẹ̀ padà sínú àpótí. Ògúnjìmí ti ń hanrun. Ògúnṣakin sùn pẹ̀lú ọwọ́ lórí owú bí ẹni tó gbé ọmọ tẹ́. Àmọ̀kẹ́ béèrè bóyá ọ̀nà náà máa ń sùn, oorun sì gbé e lọ kí ó tó gbọ́ èsì. Àwẹ̀ró wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn pé. Ó wá fẹ̀yìn lélẹ̀, ó sì sùn láìjí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Láti ìgbà náà wá, bí wọ́n bá rí ẹni tó ń fi agbára wá ohun tí ẹnu lè bá a wá, ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ fún un ni pé: ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.