Iye Tí Olúdáre Dá Lẹ́nu Ọ̀nà

Olúdáre káfíńtà sáré wọlé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Òrùlé Ìyá Mojíròlá ló ń jò, ni wọ́n bá pè é. Ìyá náà ní, "Káfíńtà tó kọ́kọ́ wá ní ká sanwó kóun tó gòkè wò ó."

"Màmá, ẹ má dá a lóhùn! Owó ìran ló fẹ́ gbà." Ẹnu ọ̀nà ni Olúdáre dúró sí tó fi dá iye owó táṣẹ́rẹ́ lé iṣẹ́ náà, wọ́n sì gbà.

Ìyá rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ o. Kí ló ń kùn lókè yẹn?"

Òun náà fẹ́ mọ̀. Ó gun àkàsọ̀, ó tẹ́tí, ó fi òòlù ṣí pákó kan. Oyin! Wọ́n gba inú àjà láti ògiri dé ògiri. Ó bẹ́ sílẹ̀, ó di eré.

Kò tíì sọ ọ́ tán tí Ìyá Mojíròlá fi pariwo níta, "Káfíńtà! Iye tá a fẹnu kò sí náà ni o! Wá parí iṣẹ́ ẹ!"

Ìyàwó ní, "Bàbá Ìbùkún, tẹ́ ẹ bá kọ̀, ta ló tún máa pè yín síṣẹ́ ládùúgbò yìí?"

"Màá wá, màmá!" ni Olúdáre ké. "Ẹ jẹ́ kóyin sùn ná!"

Ó ti ìlẹ̀kùn gbọin, ó jókòó.