Ìrù Kòkòrò àti Ọwọ́ Ènìyàn

Ọkùnrin kan wà tí ó ṣẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin: ó ju tòmátì aláìsàn sínú odò tí ẹ̀gbọ́n náà fi ń bomi rin oko.

Oko tirẹ̀ wà lókè odò, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Òfin àwọn àgbẹ̀ etí odò náà ni pé ẹni tí tòmátì rẹ̀ bá ń rọ nígbà tí ewé rẹ̀ kò tíì pọ́n gbọ́dọ̀ fà á tu, kí ó sun ún lójú gbogbo wọn, kí ó sì fi àgbàdo rọ́pò rẹ̀. Ojú ti ọkùnrin yìí. Ó fà á tu ní ìdájí, ó dì í ní ìtí, ó sọ ọ́ sódò. Kò pẹ́ tí oko ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi rọ tán, oko kan ṣoṣo tí ó ń jẹun nínú rẹ̀. Ìtí kan há sí ẹnu ọ̀nà omi obìnrin náà. Okùn àbúrò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

Wọ́n pe olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ó gé igi tòmátì kan, ó tì í bọ ife omi, ohun funfun bí omi ògì sì ń ṣàn jáde lójú ibi tí ó gé. Ó ní bakitéríà ni, kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí, tí ó ń fi ìrù wẹ̀ nínú omi títí yóò fi rí gbòǹgbò wọ̀. Ohun àbímọ́ tí à ń pè ní jíìnì ni ó fún un ní ìrù náà, tí ó sì ń pàṣẹ ìgbà tí yóò wẹ̀. Èyí tí jíìnì náà bá bàjẹ́ lára rẹ̀, ojú kan ni yóò máa wà, agbára káká ni yóò fi dé ara igi.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ẹ ti gbọ́ báyìí. Àbímọ́ ni. Kí ni tèmi níbẹ̀?”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wò ó bí ìyá ti í wo ọmọ tí ó ń purọ́ pẹ̀lú epo lẹ́nu.

“Àkànjí, ọmọ ìyá mi, kòkòrò ni ó ni ìrù. Ọwọ́ ta ni ó gbé e dé odò?”



Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, mo fẹ́ràn rẹ, n kò sì ní tàn ọ́. O ní ìbínú baba rẹ ni ó wà lára rẹ tí o fi bú ìyàwó rẹ lójú àwọn ará ilé. Mo gbà pé o jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò kò mọ oko ẹni tí ó ń lọ. Ìwọ mọ̀ ọ́n. Fi òkú baba rẹ sílẹ̀ kí ó sinmi. Pe àwọn ará ilé jọ, kí o sì jẹ́wọ́ bí ọkùnrin yẹn ti jẹ́wọ́ níkẹyìn, nígbà tí ó dọ̀bálẹ̀ níwájú gbogbo àwọn àgbẹ̀ etí odò:

“Ẹ̀gbọ́n mi, èmi ni mo sọ ọ́ sódò. Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ni omi náà ń lọ. Àgbàdo tí mo bá gbìn, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ ya níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí.”