Pèrègún tí Ehoro Gbìn sí Etí Odò Ẹkùn

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ dáhùn dáadáa, torí èmi tí mò ń pa á yìí ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìlú ò yé mi, ọ̀rọ̀ ogun ò yé mi. Àwọn àgbà tó mọ̀ ọ́n ló jókòó síwájú mi yìí tí wọ́n ń jẹ obì. Èmi kàn lẹ́nu ni.

Ní ìgbà kan rí, Ẹkùn ń pa àwọn ẹranko jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sú wọn, Efọ̀n, Ìmàdò, Ehoro àti àwọn mìíràn pé jọ. Wọ́n po erùpẹ̀ mọ́ omi nínú igbá kan, gbogbo wọn mu ún, wọ́n mulẹ̀: ẹni tó bá fọwọ́ kan ọ̀kan, gbogbo wọn ló fọwọ́ kàn. Wọ́n gbin pèrègún yí ilẹ̀ wọn tó wà lórí òkè ká, kí Ẹkùn lè mọ ibi tó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sí. Láti ọjọ́ náà, Ẹkùn ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́.

Àgbọ̀nrín nìkan ló kù síta. Ilẹ̀ tirẹ̀ wà láàárín: àkùrọ̀ gígùn kan tó tutù yọ̀yọ̀, tó lọ títí dé etí odò. Òdìkejì odò ni ilé Ẹkùn. Ọmọ mẹ́ta ni Àgbọ̀nrín bí. Ọ̀kan ti wà nínú Ẹkùn. Ìyẹn ló gbé e wá bá Efọ̀n, olórí wọn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín mulẹ̀. Méjì ló kù sí mi lọ́wọ́."

Efọ̀n wo ọ̀kánkán odò. Orí rẹ̀ tóbi, ìwo rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ nìkan ni ò tó wọn. "O ó mulẹ̀, ìyá. Ilẹ̀kùn wa ṣí sílẹ̀."

"Ìgbà wo, Bàbá?"

"Lọ́jọ́ kan."

Ehoro wà níbẹ̀. Ẹ mọ Ehoro: etí gígùn, ọgbọ́n kúkúrú. Àkùrọ̀ yẹn ti wọ̀ ọ́ lójú tipẹ́, torí ibẹ̀ nìkan ni àgbàdo ti ń yọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ó sáré tẹ̀lé Àgbọ̀nrín jáde.

"Ìyá, ẹ má dá àwọn àgbà yẹn lóhùn. Ẹ fún mi ní ogún ebè àgbàdo létí odò, lọ́la ni n ó gbin pèrègún wa síbẹ̀. Bí Ẹkùn bá ti rí i, ó parí."

"Èmi ò tíì mulẹ̀, Ehoro."

"Ṣé Ẹkùn wà níbẹ̀ nígbà tí a mu tiwa ni? Pèrègún ló ń rí."

Àgbọ̀nrín wo ọmọ rẹ̀ méjèèjì. Ẹni tí odò ń gbé lọ kì í bi koríko bóyá ó lágbára. Ó gbà.

Ìmàdò, àgbàlagbà tí ẹnu rẹ̀ ò dùn ún gbọ́, bá Ehoro níbi tó ti ń gbẹ́lẹ̀, ní ọ̀kánkán ibi tí Ẹkùn ti ń mumi gan-an.

"Ehoro, o ò ríbòmíràn gbin igi sí?"

"Bàbá Ìmàdò, ṣé Ẹkùn ló ni odò ni? Àbí kí Àgbọ̀nrín lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó pa á lọ́mọ, kó tó lè ní ọ̀rẹ́?"

"N ò sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí Àgbọ̀nrín bá wa mulẹ̀, ká gbé igbá fún un lónìí, ká sì wá máa sùn níbí. Bí a ò bá fẹ́ ẹ, ká má gbin nǹkan sí ẹnu ọ̀nà Ẹkùn. Igi ò lè dúró jà fún wa."

"Ojo ti wọ̀ yín lára," Ehoro dáhùn, ó ń tẹ ilẹ̀ mọ́ ìdí igi.

Ní ọ̀sán, Ẹkùn wá mumi. Ó wo pèrègún náà títí.

"Kí lèyí?"

"Igi lásán ni, Baba," Ehoro dáhùn.

"Igi lásán tó tò tẹ̀léra báyìí? Ẹ̀bá òkè ló wà lánàá. Lónìí, ó ti dé imú mi. Ṣé inú yàrá mi ló ń bọ̀ lọ́la? Ẹ̀rù ń bà mí, Ehoro."

Ẹ jẹ́ n rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹkùn ni ẹ̀rù ń bà, ẹni tí irun ọmọ ọlọ́mọ ṣì wà láàárín eyín rẹ̀. Ṣùgbọ́n olè náà a máa bẹ̀rù olè. Ó sì ti ń wá àwáwí tipẹ́. Ehoro ló bá a gbin àwáwí náà, tó tún bomi rin ín.

Lọ́jọ́ kẹta, Ẹkùn fo odò. Àgbọ̀nrín ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Efọ̀n àti àwọn tirẹ̀ jáde, wọ́n dúró sórí òkè.

"Ṣé ó bá wa mulẹ̀?" Efọ̀n bèèrè.

"Kò bá wa mu nǹkan kan." Ehoro ló kọ́kọ́ dáhùn.

Wọ́n bá ju igi ẹlẹ́gùn-ún sí i láti òkè pé kó fi jà. Wọ́n ní ó kú ìrọ́jú.

Àgbọ̀nrín jà. Ẹrẹ̀ àkùrọ̀ mọ̀ ọ́n, kò mọ Ẹkùn. Ẹkùn rì dé orúnkún. Àgbọ̀nrín fi pátákò fọ́ ojú rẹ̀ kan. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ fi máa rọlẹ̀, ìdajì àkùrọ̀ ti di ti Ẹkùn, ọmọ kan sì dùbúlẹ̀ sábẹ́ pèrègún, kò dìde mọ́.

Ehoro ńkọ́? Ogún ebè rẹ̀ bọ́ sí ìdajì tó lọ. Ojúkòkòrò ò jẹ́ kó gbà bẹ́ẹ̀. Ó yọ́ lọ ká àgbàdo. Ẹkùn olójú kan fi èékánná gé ìrù rẹ̀. Òun lẹ ń rí tó kúrú dòní.

Ìdí àlọ́ mi rèé, n ò fi pamọ́: ibi tí ẹnì kan ò bá lè gbé ara rẹ̀ dé, kó má gbin ààlà síbẹ̀, ẹni tí a bá sì pè wọlé, ká má fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ehoro gbìn, Efọ̀n ṣèlérí, Ẹkùn pa. Àgbọ̀nrín ló sin ọmọ.

Lẹ́yìn tó sin ín tán, ó mú ọ̀kan tó kù dání, ó padà wá síwájú Efọ̀n. Ó ní òun ṣì fẹ́ mulẹ̀. Bí Efọ̀n bá gbà, gbogbo wọn ló máa lọ bá Ẹkùn jà lọ́la, ọmọ tiwọn náà á sì kú níbẹ̀. Bí kò bá gbà, Ẹkùn ṣì wà létí odò.

Kí ni kí Efọ̀n sọ fún un?