Bí Aláǹgbá Ṣe Fi Ilé Ìsinmi Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ Sílẹ̀

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ta kún-ún, ó fo odò kọjá, ó bà lé Aláǹgbá lórí, ó sì fi ẹsẹ̀ kan kan Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹ sún mọ́ mi. Ìwọ tó ń jẹ àgbàdo, rọra máa rún un, torí orin wà nínú àlọ́ yìí. Bí mo bá ti dá a, ẹ̀yin ẹ máa gbè é pé, "Kà á re, kà á re." Ṣé ẹ gbọ́? Ó dáa.

Aláǹgbá ló fẹ́ gbéyàwó. Ọmọge tó fẹ́ fẹ́ ni Àwẹ̀ró, ọmọ Baba Ọmọńlé. Ẹ kúkú mọ ọmọńlé, èyí tó funfun, tí ojú rẹ̀ ràgàjì, tó ń rìn lórí ògiri bí ẹni pé ilẹ̀ títẹ́jú ló wà. Àwẹ̀ró rẹwà, ó sì mọ́ tónítóní. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ó ti sọ ọ́ nìyẹn. Aláǹgbá fẹ́ràn rẹ̀ dénú. Òjò mẹ́ta gbáko ló fi sin àna rẹ̀. Ó bá a roko, ó bá a ru igi, ó bá a rẹ́ ògiri. Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo eegun ara ń ro ó.

Ó ní, "N ó lọ sinmi. Ọkọ ìyàwó tó ti rẹ̀ kò lè jó."

Láyé ìgbà náà, ilé ìsinmi kan ṣoṣo ló wà ní gbogbo agbègbè. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ló ni ín. Orí erékùṣù kékeré kan láàárín odò ló kọ́ ọ sí. Yàrá kan, ẹní kan, ààrò kan, ìkòkò méjì, igbá kan, ṣíbí kan, ìgbálẹ̀ kan, ó parí. Kò sí ìránṣẹ́ níbẹ̀. Àlejò ló ń gbé oúnjẹ tirẹ̀ lọ, òun ló ń se é, òun ló ń fọ abọ́. Kò sí ọkọ̀, kò sí afárá. Ẹ̀yìn Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ni àlejò ń gùn lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ náà ló ń gùn bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Aláǹgbá dé, Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ ń sàba lórí ẹyin mẹ́wàá. Ó sáré gbé e sọdá, ó sọ ọ́ kalẹ̀ gbì.

Ó ní, "Ọmọ mi, Ìgalà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. N kò ráyè wọlé wò ó, torí ẹyin mi kò gbọdọ̀ tutù. Ìwọ wọlé, kí o wò ó yíká, kí o sì ké sí mi bí o ṣe bá a. Òfin mi kò ju ẹyọ kan lọ: bí o ti bá a ni kí o ṣe fi í sílẹ̀."

Aláǹgbá ní, "Ẹ ṣeun, Ìyá. Mo gbọ́."

Ó wọlé. Háà! Ilẹ̀ ń dán. Ìdí ìkòkò ń dán. Ìgalà ti ká ẹní, ó ti pọn omi sílẹ̀, ó tún fi ewé tútù bo omi náà. Ẹlòmíràn bá ilé tó mọ́, inú rẹ̀ a dùn. Aláǹgbá bá ilé tó mọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́.

Ó ní, "Wọ́n ti pa mí! Ó di dandan kí n gbálẹ̀ kí n tó lọ nìyẹn. Èmi tí mo wá sinmi!"

Ó jókòó, ó ń họ ọ̀fun. Ó pẹ́ tó ti ń họ ọ́ kí èrò kan tó wá sí i lọ́kàn. Ó ní, "Ká ní ilé yìí dọ̀tí nígbà tí mo dé ńkọ́?"

Ó bá bọ́ sí etí odò, ó figbe ta. "Ìyá o! Ẹ gbà mí! Kí ni Ìgalà ṣe sílé yín yìí?"

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ na ọrùn láti orí ìtẹ́ rẹ̀ ní òdìkejì. "Kí ló ṣe?"

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹnìkan wà lórí igi tó ṣíji bo ìtẹ́ náà. Ayékòótọ́ ni, ẹyẹ tí kì í gbàgbé ọ̀rọ̀. Ohun tí ẹ bá ti sọ létí rẹ̀, ó ti di tirẹ̀.

Aláǹgbá ní, "Eegun ẹja wà lẹ́nu ọ̀nà!"

"Mélòó?"

Aláǹgbá kò retí ìbéèrè yẹn. Ó ní, "Méje!"

"Méje," ni Ayékòótọ́ wí lórí igi.

"Eérú wà lórí ẹní! Ó tó igbá kan!"

"Igbá kan," ni Ayékòótọ́ wí.

"Ọbẹ̀ dà sílẹ̀, ó fẹ̀ tó ewé kókò!"

"Ewé kókò."

Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, bóyá à bá má rí àlọ́ pa lónìí. Ṣùgbọ́n irọ́ ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó gba èémí, ó tún ké, "Eṣinṣin ńkọ́, Ìyá? Eṣinṣin mẹ́tàdínlógún! Mọ́kànlá lórí eegun, mẹ́fà lórí ṣíbí!"

"Mọ́kànlá lórí eegun, mẹ́fà lórí ṣíbí," ni Ayékòótọ́ wí, ó sì pa ojú dé.

Àánú ṣe Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ. Ó ní, "Ìgalà náà! Jẹ́ kí n dìde wá gbá a fún ọ."

"Ká má rí i! Ẹ jókòó ti ẹyin yín, Ìyá. N ó fara dà á."

Ìyá fi kèrègbè oyin kan lé ojú omi, ó léfòó lọ bá a, ó ní kó fi tu ara rẹ̀ nínú. Aláǹgbá nà gbọọrọ sórí ẹní mímọ́, ó ń lá oyin, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi gbádùn. Ó yan èsúnsún, ó da ìyẹ́ wọn káàkiri. Ó jẹ ẹja, ibi tí eegun bá bọ́ sí náà ni ilé rẹ̀. Ẹní ló fi ń nu ẹnu. Ìkòkò kìíní jóná, ó gbé èkejì. Èkejì jóná, ó gbé igbá léná. Igbá léná, ẹ gbọ́! Nígbà tí igi ìdáná tán, ó ki ìgbálẹ̀ bọ ààrò, ó fi se ọbẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ó wẹ̀, ó ké sí Ìyá pé kó wá gbé òun. Ẹyin ti pa. Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ lúwẹ̀ẹ́ dé, ọmọ mẹ́wàá tẹ̀ lé e lẹ́yìn, Ayékòótọ́ jókòó sí i lẹ́yìn. Wọ́n wọlé. Ìyá wo ọ̀tún, ó wo òsì. Àwọn ọmọ mẹ́wàá dì mọ́ ara wọn lẹ́nu ọ̀nà.

Aláǹgbá ní, "Ìyá, bí mo ti bá a náà ni mo ṣe fi í sílẹ̀."

Ìyá ní, "Mo ránṣẹ́ sí Ìgalà. Ó sunkún. Ó ní òun fọ ilé yìí títí kan ìdí ìkòkò. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ ẹnu àlejò tó wọlé ni n ó gbà. Ayékòótọ́, wí bó ṣe bá a."

"Eegun méje," ni Ayékòótọ́ wí.

Àwọn ọmọ pẹ́pẹ́yẹ túká, wọ́n ka eegun. Ó jẹ́ mọ́kànlélógójì.

Ìyá ní, "Ó lé. Dín in kù."

Aláǹgbá rẹ́rìn-ín ẹ̀tàn. "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n kúkú kó gbogbo rẹ̀ dànù."

"Ṣé bí o ṣe bá a nìyẹn?"

Aláǹgbá la ẹnu. Ó rántí Ìgalà tó sunkún. Ó rántí oyin. Ojú tì í láti jẹ́wọ́. Ó ní, "Rárá o, Ìyá."

"Bí o bá ti parí, kí o pè mí. N kò gbé ẹni tí kò bá tẹ̀ lé òfin ilé mi."

Ó bá bẹ̀rẹ̀. Ó kó eegun mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n dànù. Ó ku eérú igbá kan, igbá sì ti jóná. Ọwọ́ ló fi ń bu eérú sórí ẹní. Ìyá ní kò tíì tó igbá, Aláǹgbá ní ó ti tó, wọ́n jiyàn lé e títí oòrùn fi kan àtàrí. Ó kan ọbẹ̀. Ọmọ pẹ́pẹ́yẹ kan lọ já ewé kókò wá, wọ́n tẹ́ ẹ lé ojú ọbẹ̀. Ọbẹ̀ yọ jáde lápá kan, Aláǹgbá fi ẹ̀yìn ọwọ́ ha á kúrò. Kò dé etí ewé lápá kejì, ó ní láti tún ọbẹ̀ dà sílẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Ẹni tí kò fẹ́ gbálẹ̀!

Ó wá kan eṣinṣin.

Nígbà tí ilé dọ̀tí gan-an, eṣinṣin ju ọgọ́rùn-ún lọ níbẹ̀. Nígbà tó kó eegun dànù, wọ́n bínú lọ. Ó ku mẹ́rin. Aláǹgbá bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbé wọn kalẹ̀, ó ń fi orí kà wọ́n. Bó bá gbé mẹ́ta wá, méjì á lọ. Ó bá fi orin bẹ̀ wọ́n:

Eṣinṣin ilé, ẹ dúró o,
*Kà á re, kà á re.*
Mọ́kànlá orí eegun dà?
*Kà á re, kà á re.*
Mẹ́fà orí ṣíbí dà?
*Kà á re, kà á re.*
Ìyàwó ń bẹ nílé tó ń retí mi,
*Kà á re, kà á re.*
Ọ̀kan ti wá, èjì ti lọ,
*Kà á re, kà á re.*

Ẹ gbè é dáadáa! Ṣé ẹ kò ṣàánú rẹ̀ ni?

Oòrùn ń wọ̀ lọ nígbà tí ohùn kan ké láti etí odò. "Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ o! Àwa tí a ní a ó wọ̀ sílé yín lónìí la dé o!"

Ohùn Baba Ọmọńlé ni. Àwọn àna rẹ̀ ń bọ̀ wá síbi ìgbéyàwó, ilé ìsinmi ni wọ́n sì fẹ́ wọ̀ sí lójú ọ̀nà.

Ìyá lọ gbé wọn. Aláǹgbá wo ilé láti ara ògiri tó ti ń lé eṣinṣin. Ó rò ó lọ́kàn rẹ̀ pé, "N ó sọ òótọ́. Bí Àwẹ̀ró bá ti wọlé, n ó ní irọ́ ni mo pa." Òótọ́ ló fẹ́ sọ, ẹ má ṣiyèméjì. Ṣùgbọ́n bó ti ní kóun sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó wo ilẹ̀, ó rí eṣinṣin mẹ́wàá lórí eegun. Ó wo ṣíbí, ó rí mẹ́rin. Mẹ́ta míì sì nìyí lára ògiri níwájú rẹ̀. Ó ti pé! Mẹ́tàdínlógún! Ó yọ ahọ́n, ó gbá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sẹ́nu wẹ́rẹ́, ó pa ẹnu mọ́ wọn kó lè lọ gbé wọn kalẹ̀.

Ibẹ̀ ni Àwẹ̀ró ti wọlé.

Ó rí eérú lórí ẹní. Ó rí ọbẹ̀ nílẹ̀. Ó rí ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú, ó ń kùn hùn-ún hùn-ún.

Ó béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé bí o ṣe bá ilé yìí nìyí?"

Bí Aláǹgbá bá la ẹnu, eṣinṣin á lọ. Bí kò bá là á, irọ́ á dúró. Omi yọ lójú rẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo ṣíbí. Ó mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni.

Àwẹ̀ró tún béèrè. "Ìgalà ló sì ṣe é?"

Ó tún mi orí.

Ìyá Àwẹ̀ró náà bá wọn wọlé. Ó wá ìgbálẹ̀ tì, ó bọ́ ìborùn rẹ̀, ó fi í gbá ilé náà láti igun dé igun. Àna ń gbálẹ̀ lójú ọkọ ọmọ! Gbogbo eṣinṣin dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n gba ojú fèrèsé lọ. Ẹ̀rù ba Aláǹgbá, ó gbé mẹ́ta ẹnu rẹ̀ mì kàlò.

Ó lá ètè. Ó dùn.

Ìyá Pẹ́pẹ́yẹ rò fún wọn bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́, títí kan eṣinṣin mẹ́tàdínlógún, ó sì mi orí. "Ìwọ ọmọ yìí, ká ní o kúkú gbálẹ̀, kò ní gbà ọ́ tó àkókò tí iṣu fi ń jinná."

Baba Ọmọńlé ní òun kò fi ọmọ òun fún irú èyí. Àwẹ̀ró ní, "Baba mi, ó ti sìn yín fún òjò mẹ́ta. Ẹ má jẹ́ kí ìyẹn ṣòfò. N ó fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n inú ilé tí mo bá ń gbé, kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Kó máa gbé ẹ̀yìn ògiri títí di ọjọ́ tí mẹ́tàdínlógún rẹ̀ bá pé."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Láti ọjọ́ náà ni ọmọńlé ti ń gbé inú ilé, tí aláǹgbá ń gbé ìta ògiri. Ẹ lọ wò ó lọ́la nígbà tí oòrùn bá yọ. Yóò sáré mú eṣinṣin kan, yóò ní kóun tọ́jú rẹ̀ sẹ́nu, yóò gbàgbé, yóò gbé e mì. Yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti orí oókan. Bí ọmọńlé bá sì yọjú láti inú pé, "Ṣé bí o ṣe bá a nìyẹn?", yóò dúró gbagidi, yóò mi orí, yóò tún mi orí.

Ìdí àlọ́ mi rèé gbọnrangandan. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí àtẹ́wọ́ mi má dún lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Pó! Pó! Pó!

Ó dún, àbí kò dún?

Ó dún!