Abọ́ Ẹ̀wà Méje Ìbídùn
Nílé oúnjẹ yunifásítì kan, ìgbà tó bá wu akẹ́kọ̀ọ́ ló lè fi tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹun, àmọ́ èyí tó bá ṣẹ́kù lọ́sàn-án Jímọ̀ ti di ìwé lásán. Ìbídùn, tó ṣàìsàn lọ́sẹ̀ kan, ṣì ní méje lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀sán Jímọ̀ dé. "Jẹ méjèèje báyìí," ni Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, ọ̀gá ibẹ̀, wí, ó na ìka sí òfin tó fọwọ́ ara rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri: oúnjẹ kò gbọdọ̀ jáde, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ lé ẹni tó ń jẹun dìde. Ìbídùn gba abọ́ ẹ̀wà méje, ó jókòó, ó ń mú un ní hóró kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń ṣa òkúta kúrò nínú rẹ̀. Aago mẹ́ta tí wọ́n máa ń ti ilé oúnjẹ náà lù, abọ́ kìíní ò tíì dé ìdajì. Ọ̀gá ti wọ jẹ́sì, bọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́rin, kò sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. "Ìwọ ọmọ yìí, jẹun kíá!" "Ẹ má bínú, sà, dókítà ní kí n máa rún un dáadáa." Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ọ̀gá sáré gbé kúlà tirẹ̀ wá, ó da gbogbo ẹ̀wà sí i. "Gbé e lọ!" "Òfin ńkọ́, sà?" Ọ̀gá já òfin lára ògiri, ó fi bo ẹ̀wà náà. "Òun náà ń bá ọ lọ!"